Aṣọ Oníbúrẹ́dì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí owó ṣe ń wọlé tí kì í jókòó, kó lọ dá iṣẹ́ ọnà sílẹ̀. Mi ò ní kó má ṣe é o. Èmi náà ṣì ń ṣe é. Àdìrẹ ni tèmi, ní Abẹ́òkúta, níbi tí ọmọ kékeré tó ń kiri omi ti mọ̀ nípa aró ju èmi tí mo ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì títí ewú fi gbà mí lórí.

Ìgbéraga ló kó bá mi. Gbogbo aṣọ tí mo ń rí ní ọjà Ìtòkú ló ń jọra wọn lójú mi, mo wá ní èmi máa gbé ọ̀tun dé. Ṣebí ẹnì kan ló kọ́kọ́ ya ọnà Ìbàdàndùn, tó fi òpó Gbọ̀ngàn Mápó sára aṣọ, ilé tí wọ́n ṣí ní 1929. Nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ní 1935, òun àti olorì rẹ̀ bọ́ sórí àdìrẹ. Bí ọba Gẹ̀ẹ́sì bá lè wà lára ìró, kí ni Ìjàpá ṣe? Mo ní Ìjàpá ni màá yà.

Mo lọ jókòó ti ìyá aláró kan kí n lè kọ́ṣẹ́. Gbogbo ohun tí ìyá ń fẹnu sọ ni mo ń kọ sínú ìwé. Èyí tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe gan-an, mi ò wò ó. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, gbé bírò yẹn sílẹ̀, kó o ki ọwọ́ bọ omi." Mo rẹ́rìn-ín, mo ń kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Aṣọ funfun àkọ́kọ́ tí mo rà, ó ń dán, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Mo rẹ ẹ́, mo ṣàn án, omi kó gbogbo aró lọ, aṣọ mi sì funfun báláú bí mo ṣe rà á. Ìyá fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, wọ́n ṣáná sí i. Òwú ì bá jó di eérú. Tèmi yọ́, ó ká kò, ó di kóro dúdú kan ṣoṣo lórí ìka wọn. Wọ́n ní, "Ọ̀rá lo rà. Ta ló ń pa ọ̀rá láró?"

Mo ra òwú. Mo po aró sínú báàfù ńlá lẹ́yìnkùlé, mo da kọ́sítìkì àti haidiró sí i bí ìwé mi ṣe wí. Àwọn obìnrin tó ń kọjá kí mi pé, "Àrẹdú o!" Orí mi wú. Mo ki aṣọ bọ̀ ọ́, mo yọ ọ́ síta. Ewé ni mo rí. Àwọ̀ ọbẹ̀ ewédú, kì í ṣe àwọ̀ aró rárá. Mo wo inú báàfù, bákan náà ni. Mo ní wọ́n ti ta ayédèrú fún mi. Mo sá aṣọ sórí okùn kí n lè rí ẹ̀rí gbé lọ bá ẹni tó ta aró náà, mo sì fi ìbínú gbé báàfù, mo dà á nù. Ó lọ bá ògiri onílé, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní funfun nítorí Iléyá.

Mo wọlé lọ wọ bàtà ìjà. Nígbà tí mo máa jáde, etí aṣọ ti ń ṣú. Mo dúró. Dúdú náà ń rìn láti etí bọ̀ láàárín, ewé ń sá fún un, títí gbogbo aṣọ fi di aró gidi, aró tó ṣeé wọ̀ ròde. Nígbà tí mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Haidiró ló ń lé atẹ́gùn kúrò lára aró kí ó lè yọ́ wọnú òwú. Ìgbà tí aṣọ bá tún padà rí atẹ́gùn ni aró ń dú. Mo sáré padà sílé. Ògiri onílé náà ti rí atẹ́gùn tó. Mi ò tíì rẹ aṣọ tó dú tó ògiri yẹn títí dòní.

Ìjàpá ló wá kàn. Ní ìlú wa, páànù tí wọ́n gé ni àwọn ọkùnrin fi ń tẹ ẹ̀kọ láfún sára aṣọ. Ìyẹ́ adìyẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya tiwọn. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ò ní débẹ̀. Mo gé páànù mi, Ìjàpá yọ orí, ó yọ ẹsẹ̀, ó rẹwà. Mo tẹ ẹ́ sára aṣọ, mo sá aṣọ sórí koríko kó gbẹ.

Láfún ni o. Mo tẹ́ láfún sílẹ̀ gbalasa ní agbolé tí ewúrẹ́ ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, mo sì lọ sùn.

Ibi tí ẹ̀kọ ti fẹ́lẹ́ ni wọ́n lá tán: orí, ẹsẹ̀, ìrù. Wọ́n fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún mi. Owó tí mo ti ná ò jẹ́ kí n lè jù ú nù, mo rẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Oníbàárà àkọ́kọ́ gbé e sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, aṣọ yìí mà dáa o! Búrẹ́dì ni, àbí?" Mo ní Ìjàpá ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ti ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kó wá wo aṣọ oníbúrẹ́dì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, búrẹ́dì ni.

Búrẹ́dì tà. Bó ṣe ń tà ni gbèsè ń ga, nítorí owó aṣọ funfun nìkan ni mo kà, mo fi díẹ̀ lé e. Mi ò ka haidiró, mi ò ka omi tí mo ń rà, mi ò ka ọkọ̀, ká má tíì sọ ti ọ̀dà tí mo fi tún ògiri onílé kùn. Ìyàwó mi bá mi ṣírò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà mọ́. Bí ọjà bá tún yá sí i, fíríìjì la máa tà tẹ̀lé e."

Nígbà tó yá, mo ń kọjá ní Ìtòkú, mo rí búrẹ́dì mi lórí igbá ẹlòmíràn, ó tò lọ rẹrẹ. Aró rẹ̀ dú, ìlà rẹ̀ gún. Mo bi ọmọbìnrin tó ń tà á pé ta ló yà á.

"Àwa ni, Dádì. Ojúlówó rèé. Ẹ ṣọ́ra o, àwọn kan ti ń jí i yà."

Mo ná an dé ìdajì iye tó pè. Ó ká ìka rẹ̀ fún mi níkọ̀ọ̀kan: aṣọ, aró, kọ́sítìkì, haidiró, omi, ẹni tó pọn omi, oúnjẹ ẹni tó pọn omi, àti èrè tirẹ̀. Kò dín kọ́bọ̀. Mo san án.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi tú aṣọ náà wò, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ọwọ́ yín ti wá ń mọ́."

Mo ní ó ṣeun.