Ṣé ọ̀nà Ìtòíkín ṣeé fi sá eré ìje mọ́tò?

Gàníyù, mẹkáníìkì ní Ṣàbó, Ìkòròdú, tún ti dé ìsọ̀ Àlàájà ẹlẹ́ja ní Ẹ̀pẹ́.

GÀNÍYÙ: Ẹ kú ọjà o, Àlàájà. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n wá sá eré ìje mọ́tò láti Ìkòròdú gba Ìtòíkín wá sí Ẹ̀pẹ́ yìí, ṣé ẹ máa jáde wá wò ó?

ÀLÀÁJÀ: Ọ̀nà tí tírélà ń gbà? Tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń gbà? Tí èmi gan-an ń gbà gbé ẹja lọ sí Ìkòròdú?

GÀNÍYÙ: Wọ́n á tì í pa lọ́jọ́ náà. Ṣebí ní ọjọ́ 4 àti 5 oṣù October 2025, wọ́n gbé ìdíje ọkọ̀ ojú omi E1 wá sórí ọ̀sà Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dé ilẹ̀ Áfíríkà nìyẹn. Iná mànàmáná ni ọkọ̀ yẹn ń lò, kò mu epo rárá. Tó bá ti fi eré sí i, ara rẹ̀ á kúrò lójú omi, á sì lè sá tó kìlómítà 93 ní wákàtí kan. Gbogbo ayé rí Èkó. Àwa náà ní igbó tútù, a ní afárá Ìtòíkín, a ní etí ọ̀sà. Ẹwà ni wọ́n ń wá.

ÀLÀÁJÀ: Ọmọ mi, a ti ń fi ọkọ̀ díje lórí omi yìí níbi ọdún Òkosì tipẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Bí ọkọ̀ E1 bá yí dànù, inú omi náà ni yóò bọ́ sí, kò sẹ́ni tó ń rìn níbẹ̀. Bí mọ́tò bá ya bàrá lọ́nà Ìtòíkín, ta ni yóò lọ bá?

GÀNÍYÙ: Ibẹ̀ ni iṣẹ́ FIA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìje mọ́tò lágbàáyé, wà. Kí ìdíje mọ́tò Formula One tó lè wọ pápá kan, pápá náà gbọ́dọ̀ gba ìwé ẹ̀rí ipele kìíní. Wọ́n á wo ògiri ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n á wo àyè tí mọ́tò tó já lè sá sí kó tó kan nǹkan. Ẹ wo pápá Spa ní Belgium. Àárín igbó Ardennes ló wà, ó gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tó kìlómítà 7. Àwọn awakọ̀ fúnra wọn fẹ́ràn ibẹ̀ ju ọ̀pọ̀ pápá lọ.

ÀLÀÁJÀ: Ẹnikẹ́ni ò kú níbẹ̀ rí?

GÀNÍYÙ: Wọ́n kú, Àlàájà. Awakọ̀ kan, Anthoine Hubert, kú níbẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù August 2019. Ọmọ ọdún 22 ni. Òkè kan wà níbẹ̀ tí ẹni tó ń bọ̀ kò ní rí iwájú títí yóò fi gun orí rẹ̀. Mọ́tò Hubert kọlu ògiri, ògiri ta á padà, òmíràn tó ń fi eré bọ̀ sì wọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ibẹ̀ ṣe kí wọ́n tó díje ní 2022, wọ́n fẹ àyè ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sẹ́yìn, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Ní oṣù July 2023, awakọ̀ mìíràn, Dilano van 't Hoff, ọmọ ọdún 18, tún kú ní Spa kan náà, nínú òjò.

ÀLÀÁJÀ: Ọmọ ọdún méjìdínlógún!

GÀNÍYÙ: Omi tí táyà ń fọ́n sókè kò jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn rí ẹni tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹwà ló pa wọ́n. Ní Bahrain, inú aṣálẹ̀ ni, kò sí igi, kò sí òkè ńlá. Ní oṣù November 2020, mọ́tò awakọ̀ Romain Grosjean la irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà já, ó pín sí méjì, ó gbiná. Ọkùnrin náà wà nínú iná fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 28, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Irin halo tó yí orí awakọ̀ ká, tí wọ́n ti fi dandan lé láti 2018, ló gba orí rẹ̀ là. Mọ́tò dókítà ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ní àyípo àkọ́kọ́, kíá ló ti débẹ̀.

ÀLÀÁJÀ: Ìyẹn ló yé mi jù nínú gbogbo ohun tí o sọ. Mọ́tò dókítà ń tẹ̀ lé wọn. Bí ó bá wá jẹ́ Ìtòíkín ńkọ́? Ọsibítù ìjọba Ìkòròdú wà lẹ́yìn, ti Ẹ̀pẹ́ wà níwájú, aláìsàn wà láàárín, sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ wà lọ́nà méjèèjì nítorí pé o ti ti títì pa.

GÀNÍYÙ: Wọ́n á gbé hẹlikọ́pítà wá.

ÀLÀÁJÀ: Bí kùrukùru bá bo ọ̀sà?

GÀNÍYÙ: Wọn ò ní sáré. Ní 2020, ní Nürburgring, Jámánì, kùrukùru ò jẹ́ kí hẹlikọ́pítà dókítà fò, wọ́n sì fagi lé ìdánrawò ọjọ́ Friday látòkèdélẹ̀.

ÀLÀÁJÀ: Ó dáa. Áfíríkà tiwa ńkọ́?

GÀNÍYÙ: Wọ́n sá Formula One ní Ain-Diab, Casablanca, ní Morocco, ní ọjọ́ 19 oṣù October 1958. Títì etí òkun ni wọ́n lò, ojú òkun mọ́ rekete. Ẹ́ńjìnnì mọ́tò awakọ̀ Stuart Lewis-Evans há, mọ́tò gbiná, ọjọ́ kẹfà ló kú. Formula One kò tíì padà sí Morocco láti ìgbà náà. Ní Kyalami, South Africa, ní 1977, ọmọ ọdún 19 kan tó ń ṣiṣẹ́ ojú ọ̀nà gbé agolo panápaná sáré sọdá. Awakọ̀ Tom Pryce ń gun òkè bọ̀, kò lè tètè rí i. Àwọn méjèèjì ló kú.

ÀLÀÁJÀ: Ìyẹn, òṣìṣẹ́ ni, wọ́n kọ́ ọ níṣẹ́. Àwọn tí kò bá wọn díje rárá ni mò ń bi ọ́.

GÀNÍYÙ: Ìdíje mọ́tò Dakar nìyẹn. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é ní Áfíríkà, láàárín abúlé ni wọ́n máa ń gbà kọjá títí dé Adágún Pupa ní Senegal, ibi tó rẹwà gan-an. Ní oṣù January 2006, ọmọ ọdún 10 kan kú ní Guinea. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ọdún 12 kan kú ní Senegal.

ÀLÀÁJÀ: O ti dáhùn ìbéèrè rẹ fúnra rẹ. Àwọn ọmọ yẹn kò ra tíkẹ́ẹ̀tì, wọn ò dé akoto, ojú ọ̀nà ni ikú bá wọn. Irú abúlé wọn ló kún ọ̀nà Ìtòíkín yìí. Ọmọ ń ti ilé ìwé bọ̀, ìyá rẹ̀ ń ta gúgúrú létí títì. Okùn wo lo fẹ́ ta tí ọmọ kò ní gba abẹ́ rẹ̀ wá wo mọ́tò tó ń ké rara?

GÀNÍYÙ: Kò sí, Àlàájà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má pa eré náà tì. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn eré sísá kò níbi tí wọ́n máa lọ, títì gbogbo ayé ni wọ́n fi ń dánra wò.

ÀLÀÁJÀ: Kí wọ́n kọ́ pápá fún wọn, kí wọ́n mọ odi yí i ká. Ilẹ̀ ṣì wà ní apá Ẹ̀pẹ́. Kí dókítà àti áńbúláǹsì wà níbẹ̀ kí mọ́tò kankan tó taná. Tí ìyẹn bá wà, kódà kí igbó yí i ká, màá wá wò ó.

GÀNÍYÙ: Ọ̀rọ̀ yín yé mi, Àlàájà. Nítorí náà, ẹ̀yin aṣòfin àti kọmíṣọ́nnà Èkó, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé eré ìje mọ́tò wá sọ́dọ̀ yín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ló wà láti ojú ọ̀nà yẹn dé tábìlì dókítà, àti pé ta ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì náà. Bí kò bá ní èsì gidi fún yín, ẹ má fọwọ́ sí i.