Ìgbẹ́ Mi Kì í Ṣe Ìròyìn Òwúrọ̀

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti fi ṣiṣẹ́ púlọ́mbà ní Ìbàdàn. Páìpù tó dí tí mo ti tú kò lóǹkà: ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì, ti ilé ìdáná, ti ilé alájọgbé tí ayálégbé mẹ́rìndínlógún ti ń búra pé àwọn kọ́ ló ju àkísà síbẹ̀. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé lọ́jọ́ kan, èmi gan-an ni wọn yóò gbé rọ́bà dání wá bá. Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi fún yín, torí ìgbà tí tinú mi kọ̀ tí kò jáde ni ẹjọ́ yìí bẹ̀rẹ̀.

Orí àkàsọ̀ ni mo wà, tí mò ń so táǹkì oníbàárà kan, ni àkàsọ̀ bá yọ̀. Egungun itan ọ̀tún kán. Ọsibítù tí wọ́n gbé mi lọ, n kò ní dárúkọ rẹ̀, torí káàdì mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n là mí, wọ́n fi irin de egungun pọ̀, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ tíì tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn kò burú. Irin ni, mo mọyì irin. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wàhálà dé.

Aago mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ wọlé, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá fi ohùn tí àwọn agbèrò fi ń pe èrò ní Ìwó Road bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ti ṣe ìgbọ̀nsẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀dì méjìlá ló wà ní wọ́ọ̀dù wa. Orí mọ́kànlá yí sọ́dọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ gbọ́ ná. Nínú ilé mi, kò sẹ́ni tí í sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn síta. "Mo fẹ́ gba ẹ̀yìnkùlé" là ń wí, ó parí. Ogún ọdún tí mo ti fẹ́ ìyàwó mi, kò bi mí rí pé kí ni mo lọ ṣe lọ́hùn-ún, áḿbọ̀sì pé kí ló jáde. Ọmọ tí mo lè bí wá ń bi mí lójú gbogbo ayé! Mo ní rárá. Ó ní ó dáa, Bàbá, ó sì kọ lẹ́tà mẹ́ta sínú fáìlì mi: BNO. Mo bi akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó tẹ̀ lé e pé kí ni ìtumọ̀ ẹ̀. Ó ní èdè iṣẹ́ àwọn ni, pé inú Bàbá kò tíì ṣí. Àfi bí ẹni pé ṣọ́ọ̀bù ni mí, tí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ pẹ́ dé.

Ọjọ́ kẹta, BNO. Ọjọ́ kẹrin, BNO. Mátírọ́ọ̀nù ní kí n má bẹ̀rù jù, pé ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ àti ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, ara àwọn méjèèjì lè dá ṣáṣá. Ẹ sọ ìyẹn fún bẹ́ẹ̀dì keje, tó ń bá mi ka ọjọ́ bí ẹni ń ka ààwẹ̀.

Àwòrán kan tún wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì àwọn nọ́ọ̀sì. Ìgbẹ́ oríṣi méje ni wọ́n yà síbẹ̀, wọ́n fi nọ́ńbà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pàtẹ ẹja. Ìlú Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá. Dókítà méjì, Lewis àti Heaton, ló kọ̀wé lé e lórí lọ́dún 1997. Èkíní rí wóró-wóró, ó le, bíi ti ewúrẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ààyò wọn: ó gùn, ó ń dán, ó jọ ejò. Èkeje, omi lásán. Èyí tó wà láàárín wọn, n kò ní ṣàlàyé ẹ̀, torí ó lè jẹ́ àmàlà lẹ̀ ń jẹ lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ní bó bá ti jáde, kí n sọ nọ́ńbà tó jẹ́ fún òun. Èmi tí n kò rí ẹ̀yìn ara mi, kí n wá máa fún un ní máàkì!

Òótọ́ kan wà tí n kò sọ fún wọn, kí ẹ̀yin náà má sì sọ fún ìyàwó mi. Inú mi pè mí lọ́jọ́ kejì yẹn gan-an, lẹ́yìn tí mo mu ògì tán. Nígbà tó yá ni Mátírọ́ọ̀nù ń ṣàlàyé fún mi pé bí oúnjẹ àárọ̀ bá ti bọ́ sínú àpòlúkù, ìròyìn a kan ìfun ńlá lára pé àlejò ń bọ̀ lókè, kí àwọn ará ìsàlẹ̀ sún. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tèmi gbéra lóòótọ́. Èmi ni mo dá wọn padà. Ta ló fẹ́ kí ọmọdé gbé páànù ìgbẹ́ òun kọjá lójú ọkùnrin mọ́kànlá? Omi gan-an, mo dín in kù, kí n má baà máa béèrè ìgò ìtọ̀. Ti tramadol tí wọ́n ń gún mi tún wà ńbẹ̀: ó ń pa ìrora o, ṣùgbọ́n ó ń kun ìfun lóorun pẹ̀lú.

Ìfun kékeré gùn tó nǹkan bíi mítà mẹ́fà, ìfun ńlá kò ju mítà kan àbọ̀ lọ. Èyí tó kúrú yìí ni ọ̀dájú. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa fa omi kúrò lára ohun tó bá wà nínú ẹ̀, kì í sinmi. Bí ẹrù bá ṣe pẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ tó ni yóò ṣe gbẹ tó. Púlọ́mbà ni mí, ojú sì tì mí láti sọ ọ́: mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹrù tèmi fúnra mi, ó di sìmẹ́ńtì mọ́ mi nínú.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbà. Wọ́n fa kọ́tìnnì, kọ́tìnnì tí ẹnu rẹ̀ méjèèjì kò kan ara wọn. Páànù onírin ni. Nọ́ọ̀sì ọ̀sán a máa da omi gbígbóná sí i, a nù ún gbẹ kó tó tì í sábẹ́ èèyàn, Ọlọ́run yóò ṣe é lóore. Ti alẹ́, bó ṣe tutù nílẹ̀ báyẹn ló ń gbé e bọ̀. Bí ó ṣe kàn mí báyìí, ohun tó kù díẹ̀ kó jáde sá padà sókè. Ẹ̀yìn ni mo sì fi lélẹ̀! Kò sí púlọ́mbà gidi tí yóò tẹ́ páìpù ìgbẹ́ láìfún un ní ìdagẹ̀rẹ̀. Iṣan kan wà tó fi ara kọ́ ìdí ìfun, ó fà á tẹ̀ bí ìgbà tí rọ́bà omi bá ṣẹ́ po. Béèyàn bá lóṣòó ni iṣan yẹn ń dẹ̀, tí ọ̀nà ń tọ́. Àwọn bàbá wa tó ń lóṣòó sí ṣáláńgà kò rí àwòrán Bristol kankan. Èmi wá sùn gbalaja, mò ń ti nǹkan bí ẹni ti mọ́tò tó kú gun Òkè Màpó. Bẹ́ẹ̀dì keje ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n." Ó parí nìyẹn. Kò sẹ́ni tó lè ṣe é lẹ́yìn "ẹ pẹ̀lẹ́."

Àwọn tó wá kí mi kò ràn mí lọ́wọ́. Búrẹ́dì, búrẹ́dì, búrẹ́dì. Ẹnikẹ́ni kò rántí ìbẹ́pẹ. Ìyá ìyàwó mi rọ agbo jẹ̀dí sínú ike, wọ́n fi ìborùn bò ó. Mátírọ́ọ̀nù gbà á lọ́wọ́ wọn lẹ́nu ọ̀nà. Pásítọ̀ wa gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Gbogbo ọ̀nà rẹ tó dí, mo pàṣẹ, kó ṣí!" Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ló ń sọ, ó jàre. Ṣùgbọ́n àmín tí wọ́ọ̀dù ṣe, àjà fẹ́rẹ̀ẹ́ jìn.

Ọjọ́ karùn-ún, wọ́n ti oògùn kan bọ̀ mí nídìí, ó rí ṣóńṣó bí ọta ìbọn. Glycerin ni wọ́n pè é. Wọ́n ní kí n mú un dání fún ìṣẹ́jú 15 sí 30. Mo húkọ́ ní ìṣẹ́jú kẹrin. Òun nìkan ló jáde.

Ọjọ́ kẹfà ni Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn gbé ènímà dé. Wọn kì í pariwo. Wọ́n kọ́kọ́ fa kọ́tìnnì, wọ́n fi pín-ìn-nì há ibi tí kò ti kan ara wọn. Pín-ìn-nì kan péré! Ọjọ́ mẹ́fà, kò sẹ́ni tó rò ó. Wọ́n ní kí n fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n fi ìrọ̀rí sáàárín ẹsẹ̀ mi méjèèjì nítorí egungun. Mo ní kí ló dé tó jẹ́ òsì. Wọ́n ní apá òsì ni ìfun gbà sọ̀ wá sídìí, pé omi yóò rọra ṣàn wọ ibẹ̀ fúnra ẹ̀. Mo mirí. Èdè wa ni wọ́n ń sọ.

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni. Wọ́n fi jẹ́lì pa ẹnu rọ́bà, wọn ò jẹ́ kó wọlé ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Wọ́n gbé àpò omi dání lókè. Mo wẹ̀yìn wò ó, ó wálẹ̀ jù lójú mi.

"Mátírọ́ọ̀nù, ẹ gbé táǹkì yẹn sókè díẹ̀ sí i. Omi ò ní ní agbára níbẹ̀ yẹn."

"Bàbá, tiyín nìyẹn. Tèmi ò gbọdọ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà 45 ga jù yín lọ. Bó bá ya wọlé, inú á lọ́ yín, gbogbo ẹ̀ á sì padà sí mi lára. Ẹ la ẹnu, kẹ́ ẹ máa mí."

Inú sì lọ́ mi díẹ̀. Kí n tó ké, wọ́n ti fi ìka méjì fún rọ́bà pa, wọ́n dúró, wọ́n tún tú u sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ní, kò sí èyí tó mọ omi tì bẹ́ẹ̀ nínú wọn. Wọ́n ní kí n mú un dání fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago 10:20 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ara ògiri. Nígbà tó di 10:26, mo ti ń rántí gbogbo ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. 10:29, mo ní Mátírọ́ọ̀nù, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n gbé páànù sábẹ́ mi. Ó lọ́wọ́ọ́wọ́.

Èyí tó kù, àárín èmi àti Ẹlẹ́dàá mi ni. Mátírọ́ọ̀nù wo inú páànù bí ẹni wo kànga tuntun, wọ́n ní, "Èkíní ló ṣáájú, ẹ̀kẹrin ló kẹ́yìn." Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ ọ́. Òórùn kò mọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Kó tó di ọ̀sán, ìyá ìyàwó mi ti pè láti Ìsẹ́yìn: "Mo gbọ́ pé ó ti jáde o, ẹ kú oríire." Oníbàárà tí mò ń bá so táǹkì náà pè, ó kí mi kú oríire, ó wá ní táǹkì ńkọ́. Ní ti owó tí wọ́n kọ sí rìsíìtì fún ènímà, ó ju ohun tí mò ń gbà láti tú tọ́ílẹ́ẹ̀tì méjì lọ, n kò sì rí ẹni bá dúnàádúrà.

Àárọ̀ ọjọ́ keje, aago mẹ́fà, ọmọ mi nọ́ọ̀sì wọlé. Ó kúnlẹ̀. Ó lanu. "Bàbá, ṣé ẹ ti..."

Ọkùnrin mọ́kànlá dá a lóhùn láti ojú oorun: "Wọ́n ti ṣe é!"

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi.