Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àǹtí Tó Ń Wá Iṣẹ́ fún Mi

Àǹtí mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé ọmọ Yorùbá ni yín, bí ẹ tilẹ̀ ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó ti mu omi odò Thames yó dá mi lóhùn. Ọjọ́ tí bébà há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín, tí ẹ ké "Yéè, mo gbé!", ọjọ́ náà ni àṣírí tú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí ní èdè tí ọ̀gá yín ò ní rí kà.

Àwọn ará ilé rò pé ní Ìlú Ọba, bí àìsàn bá ti di bárakú síni lára, ìjọba á máa kówó síni lọ́wọ́, á ní kéèyàn lọ sùn. Ẹ bá mi là wọ́n lọ́yẹ̀, torí ẹ̀yin lẹ mọ òfin rẹ̀ jù. Lábẹ́ Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń san, ẹni tí ara rẹ̀ ò dá á kọ́kọ́ ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n lè ní kò sóhun tó ṣe é, kó lọ wáṣẹ́. Wọ́n sì lè ní tirẹ̀ pọ̀ débi pé kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ́ lẹ́nu. Àárín àwọn méjèèjì ni wọ́n fi èmi sí: mi ò tíì lè ṣiṣẹ́, ẹ ò sì lè fipá mú mi wá a, ṣùgbọ́n dandan ni kí n máa wá jókòó níwájú yín ká jọ máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kó tó di oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n máa ń fi owó díẹ̀ kún ti ẹni tó bá wà ní àárín yìí, £29.05 lọ́sẹ̀ ni fún àwọn tó wà lórí ESA, owó ìrànwọ́ fún ẹni tí àìsàn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìjọba wọ́gi lé e fún gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, wọ́n ní ìyẹn ni yóò jẹ́ kí iṣẹ́ wù wá í wá. Owó lọ, ìpàdé dúró.

Mo mọ̀ pé àyẹ̀wò ọ̀hún kò sí lọ́wọ́ yín, ilé-iṣẹ́ aládàáni ni wọ́n gbé e fún. Ṣùgbọ́n ta ni kí n wá sọ ọ́ fún? Òfin béèrè bóyá èèyàn lè gbé apá sókè bí ẹni tó fẹ́ dé fìlà. Bí apá kankan ò bá dé orí, máàkì 9. Bí wọn ò bá tilẹ̀ dé àpò òkè kóòtù, máàkì 15, 15 yẹn náà sì ni ohun tí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n gba òun gbọ́ ń wá. Àǹtí, ta ló ń dé fìlà nínú èmi àti ẹ̀yin? Gèlè ńkọ́? Gèlè tí apá méjèèjì á wà lókè, tí èèyàn á wé e, tí á tú u, tí á tún un wé, tí ẹni tó dúró lẹ́yìn á sì ní kò tíì dáa. Ẹni tó kọ òfin yẹn ò lọ òde àríyá rí. Wọ́n tún béèrè bóyá mo lè gbé páálí lítà kan tí ohun mímu kún inú rẹ̀. Mo lè gbé e. Lónìí. Lọ́jọ́ tí egungun bá yarí, pípe orúkọ ohun tó wà nínú páálí náà gan-an á wúwo lẹ́nu mi.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ má bínú. Bí ọmọ yín bá mú àfẹ́sọ́nà wálé lọ́la, kí ọmọkùnrin náà tó dọ̀bálẹ̀ tán, ẹ ó ti bi í ní jẹ́nótáìpù rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin lára wa ní Nàìjíríà ló gbé S kan sára. Ẹ mọ ohun tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Síbẹ̀, nígbà tí mo sọ pé SS ni mí, ẹ gbójú sókè, ẹ ní kí n pe lẹ́tà àìsàn náà fún yín níkọ̀ọ̀kan.

Ìyẹn ò dùn mí tó ti "a dúpẹ́" yẹn. Ẹ kí mi, ẹ ní báwo ni. Mo ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà! Háà! Àǹtí, ẹ̀yin náà! Kí òyìnbó tẹ̀ ẹ́, mi ò ní jà. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa tí wọ́n bi pé ṣé ara le, tí kò ní dúpẹ́? Ẹni tí wọ́n gbé lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ ń dúpẹ́. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ń dúpẹ́. Láti ìgbà wo ni "a dúpẹ́" ti di ìwé ẹ̀rí dókítà? Ọ̀rọ̀ àtíkè náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ojú mi ń dán, ó jọ pé ara ti ń yá. Ìyá tó bí mi kò kọ́ mi láti gbé ojú àìfọ̀ jáde síta. Ọjọ́ tí mo rí ara gbé dìde nìkan lẹ máa ń rí mi, nítorí náà, ẹni tó ń dìde lẹ mọ̀. Ẹni tó wà lórí ibùsùn, ẹ̀yin pẹ̀lú rẹ̀ ò tíì pàdé.

Nígbà tó bá sì jẹ́ òun ló kàn láti wá ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ló ń mú ọjọ́ ìpàdé, kráísìsì, ìrora tó ń dìde lójijì, kì í wo kàlẹ́ńdà. Òtútù a máa fà á, òùngbẹ a máa fà á, àárẹ̀ a máa fà á. Ẹ wá fún mi ní ìpàdé aago mẹ́sàn-án àárọ̀ láàárín oṣù January, tí mo gbọ́dọ̀ dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò kí n tó dé ọ̀dọ̀ yín wá ṣàlàyé pé òtútù ò bá mi lára mu. Bí mi ò bá wá, wọ́n lè gé owó mi títí n ó fi yọjú, kí wọ́n sì tún gé ti ọjọ́ díẹ̀ mọ́ ọn, àfi bí mo bá ní ìdí tó múná dóko. Ẹ̀rí dà? Àwa tí a bá a dàgbà, ilé la ti ń ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀: oògùn ìrora, omi púpọ̀, ìgò omi gbígbóná lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, ẹkún díẹ̀. Ìrora tí èèyàn bá jẹ nílé kì í ní òǹtẹ̀. Àbí kí n lọ gba bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́ ẹni tó ń kú lọ ní ilé ìwòsàn, kí n ṣáà lè rí bébà mú wá fún yín?

Oníbàárà lẹ sì ń pè mí. Ó dùn mọ́ mi o, àmọ́ ní ọjà Dùgbẹ̀, oníbàárà tí ọjà ò bá tẹ́ lọ́rùn á ká ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, á kọjá sí ìsọ̀ kejì.

Ọjà tí ẹ ń tà náà gan-an, mi ò kọ̀ ọ́. Iṣẹ́ wù mí. Ìṣirò owó ni mo kọ́, mo sì mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí a bá jókòó ni ẹ máa ń béèrè ohun tí mo lè ṣe, mo sì máa ń dáhùn. Ẹ wá ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ CV, bíi pé CV ló ń ṣe mí. Ohun tí ẹ ò béèrè rí ni pé ta ni yóò gba akọ̀wé owó tó lè pòórá láti Ajé di Ọjọ́bọ̀ láìdágbére, tó sì lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fẹ́ sanwó oṣù ló máa bọ́ sí. Ọ̀gá bẹ́ẹ̀ wà. Iṣẹ́ tí èèyàn lè ṣe nílé ní aago méjì òru wà. Ẹ bá mi wá irú èyí, ẹ fi CV sílẹ̀. Ètò Access to Work tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1994 lè san owó takisí fún ẹni tí kò lè wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ọjọ́ kan tí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi, ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́. Àmọ́ ṣá, ó di ìgbà tí mo bá kọ́kọ́ ríṣẹ́.

Bí mo bá sì ríṣẹ́, ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí mo wà lọ́dọ̀ yín, tówó ò wọlé, ọ̀fẹ́ ni oògùn. Bí owó oṣù mi bá kọjá gbèdéke, n ó máa san £9.90 lórí oògùn kọ̀ọ̀kan, tàbí kí n ra ìwé oògùn tí wọ́n ń san owó rẹ̀ ṣíwájú. Ọdún 1968 ni wọ́n to orúkọ àwọn àìsàn tí ẹni tó ní wọn ò ní sanwó oògùn ní England. Àtọ̀gbẹ wà ńbẹ̀, wárápá wà ńbẹ̀, jẹjẹrẹ náà wọlé ní 2009. Tiwa tí wọ́n bí mọ́ wa ò sí ńbẹ̀. Bí mo bá kó lọ sí Wales tàbí Scotland, gbogbo rẹ̀ á di ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bá yín ṣeré níwájú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé?

Ó dáa. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ bá mi sún ìpàdé tó ń bọ̀ kúrò ní àárọ̀, kí ẹ sì fi fóònù ṣe é. Òfin Ìdọ́gba ti 2010 wà lẹ́yìn yín bí ọ̀gá bá fẹ́ jà. Ẹ kọ ọ́ sínú jọ́nà mi, àkọsílẹ̀ tí ẹ ń kọ nípa mi, pẹ̀lú pé ìrora mi kì í sọ tẹ́lẹ̀, kí ẹni tó bá di ipò yín mú lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ họlidé lè rí i kà. Bí ẹ bá pè, tí mi ò gbé e, ẹ má tíì fọwọ́ kan bọ́tìnì tí wọ́n fi ń gé owó, ẹ tún pè lọ́jọ́ kejì. Bí mo bá sì gbé e, tí ẹ bi mí pé báwo ni ara, èmi náà á gbìyànjú kí n má dúpẹ́.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín