Ìrẹsì Onígbèsè

Ẹ má bi mí bí mo ṣe di akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Wọ́n ní mo mọ kọ̀ǹpútà, mi ò jiyàn, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ibi tí mo ti wá fi àṣejù kún un ni wàhálà wà.

Fọ́múlà pọ̀ nínú Excel, àmọ́ ó tún gbà kí èèyàn fi VBA kọ tirẹ̀, kó sọ ọ́ lórúkọ, kó sì máa pè é bó ṣe ń pe SUM. Èmi kọ IYOKU. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọ ẹ̀yáwó kúrò nínú owó tí ọmọ ẹgbẹ́ dá. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kó kọ iye rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé onítọ̀hún ló jẹ ẹgbẹ́, kó kọ GBESE. Nọ́ńbà lójú kan, ọ̀rọ̀ lójú kejì. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyàwó mi wá wò ó.

Níbi ìpàdé ọdọọdún lọ́sẹ̀ tó kọjá, àpò ìrẹsì kọ̀ọ̀kan ló wà fún ẹni tí ìyókù owó rẹ̀ bá lé ní ₦200,000. Mo kọ =IF(D2>200000,"ÌRẸSÌ","") sẹ́gbẹ̀ẹ́ IYOKU, mo fà á dé ìsàlẹ̀, mo gbé e sójú ògiri, mo gba máíkì.

Orúkọ àkọ́kọ́ dáa: ìyá eléèlùbọ́ tí kì í pa oṣù kan jẹ. Àtẹ́wọ́ sọ. Orúkọ kejì, Bọ̀dá fọkanáísà, tí alága ti ń wá kiri láti ọdún èṣí. Èmi ò tiẹ̀ ronú, ohun tó wà lójú ògiri ni mo ń kà. "Bọ̀dá, ẹ máa bọ̀ o, ẹ kú ìfaradà!" Wọ́n wẹ̀yìn wò, bóyá ẹlòmíì ló ń jẹ́ orúkọ yẹn. Nígbà tí wọn ò rí ẹnì kankan, wọ́n tún fìlà dé, wọ́n jó wá síwájú. Ẹ̀rín ta. Mo ṣe bí ijó ni wọ́n ń rín. Mo pe ẹnì kẹta: onígbèsè. Ẹnì kẹrin: onígbèsè, oníduúró rẹ̀ sì jókòó síwájú, ó la ẹnu sílẹ̀. Alága fà mí láṣọ. Màmá kan tí tiwọn jẹ́ ₦195,000 péré, tí wọn ò rí nǹkan kan gbà, fọwọ́ lérán: "Akọ̀wé, a ò kúkú mọ̀. À bá ti lọ yáwó!"

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ wé nọ́ńbà nínú Excel, ọ̀rọ̀ ló máa ń tóbi jù. GBESE ju ₦200,000 lọ. GBESE ju bílíọ̀nù kan lọ. Kódà "" tí kò ní lẹ́tà kankan nínú ju bílíọ̀nù lọ. Ká ní àmì + ni mo fi ro GBESE mọ́ owó, ì bá ti pariwo #VALUE! kí n tó kúrò nílé. SUM ní tirẹ̀ kàn ń fo àwọn GBESE kọjá ni, ìyẹn ni àròpọ̀ mi fi dán lójú gbogbo ayé láìka kọ́bọ̀ kan nínú gbèsè. Àmì > kì í pariwo, kì í fò. Ó dájọ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni! Ta ló bi í? Kí ló dé tí kò lè sọ pé òun ò mọ̀? Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo ti tún un ṣe. IYOKU ń mú nọ́ńbà nìkan wá báyìí, gbèsè sì ń jẹ́ nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú. Mo wá fún àpótí náà ní ìrísí #,##0;"GBESE", tó fi jẹ́ pé ojú ló ń rí GBESE, nọ́ńbà ló wà nínú.

Alága ní kí n lọ gba àwọn àpò náà padà. Mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá. Ìyàwó wọn ti gbé e kaná. Wọ́n bu tèmi fún mi, ẹran méjì, mo jókòó, mo jẹ ẹ́.