Balógun Tí Kò Lógun

Bí ẹ bá yà ní Mọ́níyà, tí ẹ gba ọ̀nà Ìjàyè, ilé Alájì lẹ ó rí kí ẹ tó rí abúlé tó wà níbẹ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, láàárín oko ẹ̀gẹ́. Ògiri tó mọ yí i ká fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òrùlé dọ́gba. Ó to àfọ́kù ìgò sórí ògiri, ó wá ta wáyà ẹlẹ́gùn-ún lé ìgò lórí. Gbogbo fèrèsé ló ní bọ́gílárì, títí dé ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ajá mẹ́rin, kámẹ́rà mẹ́fà, ènìyàn méjì: Alájì àti mẹgádì.

Ẹ má pè é lójo o, yóò ní: "Balógun Ìbíkúnlẹ̀ náà mọdi ní 1858, ta ló pè wọ́n lójo?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n odi Ìbíkúnlẹ̀ yí Ìbàdàn ká, tolówó tòtòṣì. Ti Alájì, àbúrò ìyá rẹ̀ pàápàá ń dúró lẹ́nu géètì títí mẹgádì yóò fi lọ bèèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ẹnìkan ṣèèṣì sọ̀rọ̀ àwọn Batammariba létí rẹ̀, àwọn ará àríwá Benin àti Tógò tí UNESCO kọ apá Tógò nínú ilẹ̀ Koutammakou wọn mọ́ ogún àgbáyé ní 2004. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé olódi wọn. Ẹran ń sùn nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, ọkà wà nínú àká. Bí àwọn akónilẹ́rú bá yọ, tẹbí tẹran, toúnjẹ toúnjẹ, gbogbo wọn ti wà nínú ilé. Nínú gbogbo àlàyé yìí, ibi tí ilé ti ga fíofío nìkan ló wọ Alájì létí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bíríkìlà ti dé. Ilé ṣóńṣó náà ti parí báyìí. Táńkì omi ló wà níbẹ̀, àti àga tí Alájì ń jókòó lé ṣọ́nà.

Ìtàn kan wà tí kì í sọ, bẹ́ẹ̀ títì iwájú ilé rẹ̀ ló lọ síbẹ̀. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, náà lódi. Ìbàdàn gbógun tì wọ́n, ó dí ọ̀nà oko mọ́ wọn, ebi ló kọ́kọ́ wọ̀lú. Kúrunmí kú ní 1861. Nígbà tó di 1862, Ìjàyè ti tú.

Ẹ wá wo ẹnu géètì Alájì láàárọ̀. Ihò kékeré kan là, ojú kan yọ.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Alájì. Gàrí tẹ́ ẹ ní kí n gbé wá."

"Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti gàrí ni, sà."