Ta Ni Mo Ṣẹ̀ Nídìí Servo Yìí?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé e, torí bí mo bá dá a gbé, àyà mi á bẹ́! Kí ni mo ní kí n ṣe? Apá róbọ́ọ̀tì kékeré, tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó gbé ìdérí bírò láti ọ̀tún sí òsì. Servo SG90 mẹ́rin, mọ́tò kéékèèké tó ń yí apá náà, ni mo rà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò wúwo ju bíi gíráàmù 9 lọ. Àṣé ọ̀kánjúà ni wọ́n! Kí nǹkan sáà dí ọ̀kan lọ́nà, ó ti fẹ́ gba bíi mílíáńpíà 650, ẹ wá sọ ọ́ di mẹ́rin kí ẹ rí i, bẹ́ẹ̀ ara Arduino Uno, pátákó kékeré tó ń darí wọn, ni mo ti ń fún wọn níná, mílíáńpíà 500 sì ni fíúùsì ojú USB rẹ̀ lè fara dà.

Ni apá bá gbéra, iná rẹlẹ̀, Arduino kú, ó jí, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, apá tún gbéra, iná tún rẹlẹ̀, Arduino tún kú, ó tún jí, èmi ọmọ ọlọ́mọ wá jókòó tì í, mò ń wo àkúdàáyà lórí tábìlì ara mi!

Ẹni tó tà á fún mi ní kí n lo bátìrì fóòtì 9. “Ọ̀gá, á gbé e.” Kí ló gbé? Fóòtì pọ̀ lójú, áńpíà ò sí nínú! Páwà báńkì ńkọ́? Háà! Bí servo bá dúró jẹ́ẹ́, tí kò fa iná púpọ̀, páwà báńkì á rò pé fóònù ti kún, á sì pa ara rẹ̀. Ta ló ní kó bá mi ronú?

Mo ra páwà fóòtì 5, áńpíà 3, fún servo nìkan. Ijó wèrè ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jó, torí kò sẹ́ni tó lanu sọ pé wáyà gíráǹdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ pàdé ti Arduino, kí àṣẹ tí Arduino ń pa tó lè yé wọn. Wọ́n tún ní kí n ra kapásítọ̀ 1000 µF tí á máa tọ́jú iná díẹ̀ pamọ́ fún wọn. Oúnjẹ ti wọ́n ju ẹni tó ń jẹ ẹ́ lọ!

Ìyàwó mi wo wáyà tó bo tábìlì, ó bèèrè ohun tí gbogbo rẹ̀ ń gbé. Mo ní ìdérí bírò ni. Kò fèsì. Àìfèsì yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ẹ̀yin tó ń ta servo, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ iye áńpíà tó ń jẹ sára páálí rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: “A ò ta oúnjẹ mọ́ ọn.”