Ọ̀rọ̀ Nero: Ẹ Fà Sún Mọ́ Mi

Ẹ fà sún mọ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kí Ìyá Súlè má baà gbọ́. Obìnrin yẹn ò lè pa ẹnu mọ́, èmi ò sì fẹ́ràn òfófó.

Ṣé ẹ rántí Nero, ọ̀daràn inú fíìmù Star Trek ọdún 2009? Eric Bana ló ṣe é. Orí fífá kodoro, àmì kún ojú, ó pa odindi ayé Vulcan run. Gbogbo ẹni tó wò ó ló ń pè é ní wèrè. Wèrè kọ́ o! Awakùsà ni, òógùn ojú rẹ̀ ló fi ń jẹun. Mandana lorúkọ ìyàwó rẹ̀, oyún sì wà nínú obìnrin náà.

Ta ló sọ fún mi? Ìwé aláwòrán ni: Star Trek: Countdown, tí IDW gbé jáde ní ìpín mẹ́rin kí fíìmù tó dé ní oṣù May. Ìràwọ̀ Hobus fẹ́ bú, ó fẹ́ gbé Romulus, ayé tí Nero ti wá, mì. Spock, ọmọ Vulcan tó ti darúgbó, lọ kìlọ̀ fún àwọn sẹ́nétọ̀ ibẹ̀, wọ́n kọtí ikún. Ta ló gbè é lẹ́yìn? Nero! Awakùsà lásán! Àwọn ọlọ́lá kì í kúkú gbọ́ ti ẹni tí aṣọ rẹ̀ dọ̀tí. Ṣé onílé wa gbọ́ nígbà tí mo ní òrùlé ń jò? Ẹ jẹ́ ká fi onílé sílẹ̀.

Nero gbà láti fi ọkọ̀ rẹ̀, Narada, gbé Spock lọ sí Vulcan láti wá ìrànlọ́wọ́. Àwọn àgbà ibẹ̀ ò dá wọn lóhùn. Ìgbà tí Nero fi máa padà, ilé ò sí mọ́, aya ò sí, oyún ò sí. Orí tó fá yẹn, ọ̀fọ̀ ni. Àwa náà mọ ọ̀fọ̀ tí wọ́n ń fárí fún. Àmì ojú yẹn ńkọ́? Ní Romulus, olófòó á kùn ún sára. Bó bá parẹ́, ọ̀fọ̀ parí. Nero ní kí tòun má parẹ́ láé. Mi ò dá a láre o, bílíọ̀nù mẹ́fà èèyàn ló wà ní Vulcan. Mo kàn ní kí ẹ má pè é ní wèrè ni.

Ẹ̀yin tó ń bi ara yín bí ọkọ̀ ìwakùsà ṣe ń fọ́ ọkọ̀ ogun bí ìgbà téèyàn fọ́ ẹyin: ẹ̀rọ àwọn Borg, ẹ̀dá tó jẹ́ ìdajì ẹ̀rọ, ni àwọn ará Romulus kó sí Narada lára ní ibùdó àṣírí kan. Ìjà mi pẹ̀lú ìwé náà kò ju pé Data di ọ̀gá Enterprise, Worf di ọ̀gágun Klingon, La Forge kan ọkọ̀ fún Spock. Gbogbo ẹbí Star Trek àtijọ́ ló wá jẹ àríyá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀rọ̀ mọ́ Nero lẹ́nu.

Èyí tí wọn kì í dárúkọ rárá ni ìwé kejì, Nero, tó jáde lọ́dún yẹn kan náà. Nínú fíìmù, ọdún 25 ló wà láàrin ìgbà tí Nero bọ́ sí ayé àtijọ́, tó kọlu ọkọ̀ Kelvin, àti ìgbà tí Spock náà yọ tẹ̀ lé e. Níbo ló wà? Ẹ̀wọ̀n àwọn Klingon ni, ní Rura Penthe! Àwọn tó ṣe fíìmù tilẹ̀ ya ibẹ̀, Victor Garber ṣe Klingon tó ń fi ìyà jẹ ẹ́, wọ́n wá gé e sọnù. Mo bi ọmọ àbúrò mi, tó ti wo fíìmù náà, pé kí ló rò pé Nero ń ṣe fún gbogbo ọdún yẹn. Ó ní bóyá ó sùn.